Ẹni Kẹfà Nínú Àwọn Méjìlá

Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí a máa lo màmá mi, nítorí náà bí ìdààmú bá ti ibẹ̀ jáde, orí mi ni kí ó wá. Iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà náà, tí a ṣì ń ṣe di òní, ni kí a túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun láti inú èdè Gíríìkì sí Yorùbá tí ẹni tí kò lè kàwé yóò fi etí gbọ́ tí yóò sì yé e. Àwa mẹ́ta ni. Èmi ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ di àlùfáà ní Gíríìkì. Ẹnì kejì mi, àlùfáà ará Oǹdó kan, mọ Yorùbá débi pé ó lè bá ènìyàn jà lórí àmì ohùn kan ṣoṣo. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí ń tẹ iṣẹ́ wa sórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀ṣì kan lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù ni a ń lò. Fèrèsé méjì ni ó ní, a kì í sì í ṣí wọn, nítorí bí a bá ṣí wọn, họ́ọ̀nù kẹ̀kẹ́ ni a óò gbà sílẹ̀ dípò ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

A ní òfin kan tí a kì í rú. Ohun tí a bá túmọ̀ tán, a óò kà á sétí ẹni tí kò rí i rí, ẹni náà yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà fún wa. Ohun tí ó bá fò, tàbí tí ó bá sọ gbágungbàgun, àwa ni a ṣe àṣìṣe, kì í ṣe òun. Bí ó ti wù kí Gíríìkì wa mọ́ tó, bí etí rẹ̀ kò bá gbà á, a ó padà lọ tún un ṣe.

Màmá mi ni etí wa. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ń gbé látìgbà tí bàbá mi ti kú. Ìyàwó tíṣà ni wọ́n, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ti Èkìtì wá sí Èkó nígbà tí ẹ̀yìn ilé wa ṣì jẹ́ igbó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ọjọ́bọ̀ tí iṣẹ́ bá kan wọ́n, láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti máa ń wọṣọ tán, tí wọ́n á gbé báàgì wọn lé itan, tí wọ́n á máa retí mi. Etí wọn kò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe. Ìgbà kan wà tí a kọ ọ́ níbì kan pé ẹnì kan “gbé ojú rẹ̀ sókè sí ọ̀run,” wọ́n sì ní, “Ṣé ó yọ ojú náà ni?” A padà lọ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa orúkọ nínú Gíríìkì. N kò ní pẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ní n kò ní pẹ́. Orúkọ ènìyàn ní ìrù nínú èdè náà, ìrù náà sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe nínú gbólóhùn. Bí Pétérù bá lu ènìyàn, Petros ni. Bí wọ́n bá lu òun, ó di Petron. Bí ilé bá jẹ́ tirẹ̀, ilé Petrou ni. Bí ìyá rẹ̀ bá sì yọjú lójú fèrèsé tí ó pè é wọlé wá jẹun, Petre ni yóò ké. Àwọn kan tún wà tí wọn kò ní ìrù rárá, àwọn orúkọ Hébérù àtijọ́ bí Ábúráhámù. Àwọn ará Gíríìkì gbé wọn wọlé bẹ́ẹ̀, wọn kò rí wọn tẹ̀ rárá.

Mo sọ gbogbo èyí fún màmá mi níjọ́ kan tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa.

“Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá fẹ́ pè é, orúkọ rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ ba?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Wọ́n kọ́ wọn dáadáa nílé,” ni màmá mi wí, wọ́n sì ju òkúta kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà síta.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́jọ́ kejì. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó kàn mí ni.

Yorùbá kò nílò ìrù yẹn. A óò gé e kúrò, a óò fi fáwẹ́lì sí ibi tí kọ́ńsónáǹtì bá ti sún mọ́ ara wọn jù, a óò wá wò ó bóyá ó jọ orúkọ tí àwọn bàbá wa ti ń pè láti ọjọ́ yìí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Èmi á ní ohun tí Gíríìkì wí nìyí, àlùfáà á ní ohun tí ìyá-ìyá òun ń pè nìyẹn, òun kò sì ní lọ bá a ní ọ̀run pẹ̀lú orúkọ tuntun. A ti fi ọjọ́ kan gbáko jà lórí “ù” kan rí. Mo máa ń bínú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ bá kọjá tí a kò jà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ wa kò lọ dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan lórí àwọn lẹ́tà tí àwọn àpọ́sítélì kọ sí ìjọ, a bọ́ sínú Ìhìnrere Mátíù, a sì dé ibi tí wọ́n ti ka orúkọ àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Mo rò pé ọ̀sán kan péré ni yóò gbà wá. Ọ̀dọ́bìnrin wa kà á lẹ́ẹ̀mejì sókè ketekete, màmá mi di ojú, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ padà.

“Símónì tí wọ́n ń pè ní Pétérù, àti Áńdérù arákùnrin rẹ̀.” Wọ́n la ojú. “Èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?”

Mo ní Gíríìkì kò sọ.

“Kí ló dé tí kò sọ? Kò mọ̀ ni?” Wọ́n mi orí, wọ́n ń bá a lọ. “Jákọ́bù àti Jòhánù, àwọn ọmọ Sébédè. Fílípì àti...” Wọ́n dúró díẹ̀. “Fílípì àti àwọn bàbá. Tọ́másì àti Mátíù agbowó-orí.”

“Àwọn bàbá wo, Màmá?” ni àlùfáà béèrè.

“Àwọn bàbá yẹn.”

Wọ́n mú etí ìró wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u. A tún un kà. Wọ́n tún sọ ọ́ padà, ó tún di Fílípì àti àwọn bàbá. Nígbà kẹta, láti orí Fílípì ni wọ́n ti fò lọ sọ́dọ̀ Tọ́másì, bí ẹni tí ó fo odò kékeré. Àwọn méjìlá di mọ́kànlá. Ẹni kẹfà ni kò sí níbẹ̀.

N kò ní kọ orúkọ ẹni kẹfà yẹn síbí. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ kí n tó parí, ẹni tí ó bá sì ń kánjú lè lọ ṣí Ìwé Mímọ́ rẹ̀, kí ó fi ìka kà á.

Òfin wa ni òfin: àṣìṣe tiwa ni. Orúkọ náà gùn, ó sì le lẹ́nu lóòótọ́. A gé e kúrú. Màmá mi ní àwọn bàbá. A fi fáwẹ́lì kan kún un kí ó lè rọ̀. Àwọn bàbá. Àlùfáà yí ohùn rẹ̀ padà kí ó lè dún bí orúkọ ọmọ Yorùbá, ó kọ ọ́ sókè bí orin, màmá mi sì yìn ín pé ohùn rẹ̀ dára, wọ́n wá ní, “Fílípì àti àwọn bàbá.” Ọ̀nà mẹ́ta ni a gbà tún un kọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi fúnra mi, ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì ìlú Ẹ̀gbẹ́dá, mo jókòó ti orúkọ kan bí ẹni tí ó ń ṣàtúnṣe aago tí kò bàjẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, àlùfáà dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ ń wo Màmá dáadáa nílé?”

“Wíwò báwo?”

“Wọ́n mọ àwọn yòókù pátá. Ọ̀kan yìí nìkan ni. Kì í ṣe orúkọ náà ló le, Ẹ̀gbọ́n. A ti mú orúkọ náà rọ̀ títí, ó ti di ẹ̀kọ.”

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kí ó máa lọ wo ìyá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé mi délé.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Màmá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Akówònjò tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin aláwàdà kan tí ó máa ń fún mi ní róbó nígbà tí mo wà ní kékeré. Orí orúkọ ni àìsàn ìgbàgbé tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní “ìwọ yìí.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbàgbé orúkọ àdúgbò rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ibi tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń wẹ̀ fún un ni ó ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé, “Ẹ ṣeun o, ọmọ ta ni yín?” Èmi àti màmá mi lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí a padà délé, wọn kò jẹun. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n sì sọ fún mi pé, “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbàgbé yín kí n tó kú.” Mo ṣe àmín kíákíá, mo sì jáde kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ màmá mi. Mo ń tọ́ ọbẹ̀ wọn wò bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti jí, mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ọjọ́ wo ni òní, bí ẹni tí kò mọ̀. Mo fi gíláàsì ojú wọn pamọ́ lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n á rántí ibi tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n rántí, wọ́n wá a títí, wọ́n sì bá a lábẹ́ pílò mi.

“Kí ló dé tí o ń yí mi ká bí ọlọ́pàá?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní kò sí nǹkan. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí ju ìtìjú lọ.

Ìwà tí mo wá hù lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń dùn mí di òní. Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kà á fún wọn, n kò fẹ́ gbọ́ “àwọn bàbá” lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ti wọṣọ, báàgì ti wà lórí itan. Mo ní, “Màmá, kò sí iná ní ọ́fíìsì, a kò ní lè ṣiṣẹ́.” Iná wà. Iná ti wà láti ìdájí, ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ará ilé kejì sì ń ké létí wa bí mo ṣe ń parọ́.

Wọ́n wò mí. “Kò burú,” ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé báàgì padà sórí tábìlì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi parọ́ iná.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgàndó. Mo ní nítorí orúnkún wọn ni. Wọn kò bi mí pé kí ló dé tí mo fi wọ kóòtù nítorí orúnkún. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn títí ó fi kàn wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ro Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Mo ti fi ìwé kékeré kan sọ ìdí tí a fi wá fún un. Ó kọjú sí mi.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Màmá dáhùn o. Ohun tí wọ́n bá sọ fúnra wọn ni mo fẹ́ gbọ́.”

Mo ní ó ti yé mi. Ó bi wọ́n ní ọjọ́, wọ́n sọ ọ́. Ó bi wọ́n ní ibi tí a wà, wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwòsàn. Ó ka nǹkan márùn-ún sí wọn létí: kọ́kọ́rọ́, ọsàn, àga, agbòjò, ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n pa á mọ́, òun á padà bi wọ́n. Ó bi wọ́n ní orúkọ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n dárúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wa, wọ́n sì sọ pé òjò ni ó rọ̀ mọ́ tèmi. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀.

“Orúkọ ọkọ yín ńkọ́, Màmá?”

“Bàbá wọn.”

“Rárá, orúkọ wọn gan-an.”

“Tíṣà.”

“Tíṣà, iṣẹ́ nìyẹn, Màmá.” Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. “Kò burú. Bàbá ọkọ yín ńkọ́? Kí ni orúkọ tiwọn?”

Màmá mi tẹ orí ba. Wọ́n mú etí ìró wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní ọ́fíìsì wa.

“Àwọn bàbá,” ni wọ́n wí.

Dókítà tún kọ nǹkan. Mo rí bíírò rẹ̀ tí ó ń rìn lórí ìwé, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

“Dókítà, ẹ dúró ná. Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀. Màmá mi kò gbàgbé. Ìyàwó ilé ni wọ́n! Níbi tí wọ́n ti tọ́ wọn, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Gbogbo ẹni tí ó bá nínú ilé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá, kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ pè é. Ó ní láti wá nǹkan mìíràn pè é ni. Ẹ̀yin lè mú un lọ sílé ẹjọ́, kò ní pè é. Yóò ní Bàbá wọn, yóò ní Tíṣà, yóò ní...”

Mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí ó ń kọ́ ènìyàn ní Gíríìkì láti ọdún gbọọrọ ń ṣàlàyé Yorùbá fún dókítà, ó sì wá kan òun fúnra rẹ̀ lára bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù síni lẹ́yìn.

Orúkọ bàbá-bàbá mi tí èmi mọ̀ ni èyí tí gbogbo wa ń jẹ́ nínú ilé, orúkọ ìdílé tí a fi ń kọ ìwé. Bàbá Àgbà ni a ń pè wọ́n, mo sì kéré gan-an nígbà tí wọ́n kú ní Èkìtì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi. Orúkọ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ ọ rí, n kò sì bi ẹnikẹ́ni rí.

Mo yíjú sí màmá mi. “Màmá, orúkọ wo ni wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún Bàbá Àgbà?”

Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò mí bí wọ́n ti máa ń wo ọmọ tí ó gọ̀ jù nínú kíláàsì. “Ìwọ ni o mọ ìwé.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ka àwọn méjìlá yẹn. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Fílípì, dúró. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni.”

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń rín, nígbà tí mo fi máa mọ̀, omi ti ń bọ́ lójú mi, mo sì ń fi ìka nu ún níwájú ọmọ tí mo lè bí. Ara tù mí débi pé ó rẹ̀ mí. Dókítà bi mí pé kí ló dé, mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìlà kọjá lórí ohun tí ó kọ. Lẹ́yìn náà ni ó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

“Màmá, àwọn nǹkan márùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?”

“Kọ́kọ́rọ́, ọsàn, àga, agbòjò, ilẹ̀kùn,” ni màmá mi wí. “Ilẹ̀kùn tìrẹ náà fẹ́ epo, ọmọ mi. Ó ń ké.”

A tún wọ kẹ̀kẹ́ padà. Mo béèrè ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló dé tí wọn kò kúkú sọ fún wa?

“Kí n sọ kí ni? Kí n ní orúkọ kan wà tí n kò lè pè, kí ẹ̀yin wá ní orúkọ wo, kí n wá pè é fún yín?” Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. “Ṣebí mo sọ ọ́, jàre. Mo ní àwọn bàbá. Ta ló tún ń jẹ́ àwọn bàbá nínú ilé wa? Ohun tí ẹ ń wá lọ sí Ṣókótó, àpò ṣòkòtò yín ló wà.”

Mo ní òótọ́ ni. Nígbà tí a fẹ́ dé Ìkòtún, wọ́n yíjú sí mi.

“O rò pé mo ti ń dà bí ọ̀rẹ́ mi ará Akówònjò.”

N kò lè parọ́ mọ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Èmi náà rò ó,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ tí o ní kò sí iná. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ilé kejì. Mo ní bóyá ẹ ti rí nǹkan lára mi tí èmi kò rí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jí, mo máa ń dárúkọ gbogbo yín lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin ọmọ àti àwọn ọmọ yín, kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá fo ẹnì kan, màá ti mọ̀.”

Mo di ọwọ́ wọn mú. Kẹ̀kẹ́ ń fò sókè sódò lórí ọ̀nà. Ojú ń tì mí, ọkàn mi sì balẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ nínú mi.

Àlùfáà di orí mú nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Mo bi í pé ṣé ará Oǹdó ni lóòótọ́ àbí ó rí ìlú náà nínú àwòrán ni, nítorí ìyá tirẹ̀ náà kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ó ní òun gbà, a gọ̀, àmọ́ kí n rántí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú wa. A pa ọ̀nà mẹ́ta tí a gbà kọ orúkọ náà rẹ́, a dá èyí tí àwọn bàbá wa ń pè padà. Kò sí ohun tí ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí inú màmá mi dùn sí mi díẹ̀, mo sọ ohun kan fún wọn nípa orúkọ náà. Kì í ṣe orúkọ ẹni kẹfà yẹn gan-an. Ní èdè ilé rẹ̀, “ọmọ ẹni báyìí” ni ó túmọ̀ sí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, Gíríìkì kàn fi ìrù tirẹ̀ sí i lẹ́yìn ni. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò sọ bí wọ́n ti ń pè é nínú yàrá ìyá rẹ̀.

“Ó dára,” ni màmá mi wí. “A kì í sọ gbogbo rẹ̀ síta.”

Ọ̀dọ́bìnrin wa ni ó wá ní ohùn Màmá dára, kí wọ́n kúkú ka ibẹ̀ sórí ẹ̀rọ fúnra wọn dípò kí òun kà á. Mo ní, ẹni kẹfà ńkọ́? Màmá mi ní kí n má ṣèyọnu, kí n kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn. Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ti wọṣọ láti aago mẹ́jọ. A ti ilẹ̀kùn, a pa fáànù, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Símónì tí wọ́n ń pè ní Pétérù, àti Áńdérù arákùnrin rẹ̀. Jákọ́bù àti Jòhánù. Fílípì àti...

Wọ́n dúró, wọ́n sì na ìka sí mi.

Mo mọ ìka yẹn. Ọmọ ọdún méje ni mí nínú kíláàsì àwọn ọmọdé, a tò sórí bẹ́ǹṣì, màmá mi ń ka àwọn méjìlá fún wa kí a lè há a sórí. Bí wọ́n bá ti ka márùn-ún, wọ́n á na ìka sí mi, wọ́n á ní, “Ó di ọwọ́ rẹ.” Èmi á sì ké orúkọ kẹfà débi tí àwọn àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì á yíjú. Gbogbo ìgbà ni ó máa ń kàn mí, kò kan ọmọ mìíràn rí. Mo fi yangàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé nítorí mo mọ̀wé jù wọ́n lọ ni. N kò mọ̀ pé èmi nìkan ni ọmọ ilé ọkọ wọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹni tí ó lè bá wọn pe ohun tí ẹnu wọn kò gbọ́dọ̀ pè.

Mo pè é.

Ọ̀dọ́bìnrin wa bi mí lẹ́yìn náà pé ṣé kí òun gé ibẹ̀ kúrò, kí òun wá ohùn obìnrin mìíràn fi dí i. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àlùfáà kò sì bá mi jà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ níbikíbi, ẹ óò gbọ́ ìyá àgbà kan tí ń ka orúkọ àwọn méjìlá, ẹ óò gbọ́ ohùn ọkùnrin fún orúkọ kan ṣoṣo, ẹ ó sì wá gbọ́ ohùn ìyá náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Tọ́másì, tí ó ní, “O ṣeun, ọkọ mi.”